Ẹni Tí Kì Í Mí Hẹlẹ

Lórí ìlà tí a tò síwájú ilé oògùn kan ní Ìkòtún láti yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò, etí mi tí kì í sinmi gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan àti màmá kan tó wà níwájú rẹ̀.

"Mà, mo máa ń sáré láti Egan dé ibí láràárọ̀. Tí mo bá ti sá jìnnà, òòyì á kọ́ mi, orí mi á fúyẹ́."

"Kí lo máa ń jẹ kó o tó jáde?"

"Ààwẹ̀ ni mò ń gbà, mà. Mo fẹ́ wọṣẹ́ ṣọ́jà ni."

"Ọlọ́run ló ní kó o ṣe méjèèjì pọ̀?"

"Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, mà. Tí òòyì yẹn bá ti dé, ìyá àgbà mi tó ti kú á máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi á máa mí hẹlẹ, àwọn kì í mí rárá."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ara wọn le jù ẹ́ lọ nìyẹn. O ò kúkú dá wọn lóhùn, àbí?"

"N ò dáhùn rí, mà. Oríkì ni wọ́n fi ń pè mí. Wọ́n á ní, 'Àjàní, ó kù díẹ̀ kó o dé ọ̀dọ̀ mi.'"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu màmá. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó fà á wá síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí eléyìí kọ́kọ́ wọlé."

Gbogbo wa yà fún wọn. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí.