Ààpù Ìgbà Tí Òkun Dákẹ́

Nínú takisí tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ tí mo wọ̀ ní Akpakpa, obìnrin kan àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ṣe ààpù ojú ọjọ́ fáwọn apẹja etíkun Fidjrossè ń jiyàn.

Ọkùnrin ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti túmọ̀ gbogbo ohun tó wà nínú ààpù náà sí èdè tí fóònù ń gbọ́ sílẹ̀, kó lè tètè máa ṣí. Mo wá yọ atúmọ̀ tó ń bá fóònù túmọ̀ ọ́ kúrò nínú rẹ̀, kó lè fúyẹ́.”

“Ẹ̀ka ìjì tó jẹ́ pé ìgbà tí ìjì bá ń bọ̀ ni ààpù ń lọ gbé e wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ta ni yóò túmọ̀ ìyẹn?”

“Ó ṣiṣẹ́ nígbà tí mo dán an wò.”

“Òkun ńkọ́ lọ́jọ́ náà?”

“Ó dákẹ́.”

Obìnrin pòṣé. “O se oúnjẹ tilé tán, o wó ààrò, o ní kí àlejò máa bọ̀. Apẹja wo ló nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé òkun dákẹ́?”