Abẹ Tí Mo Fi Gé Èékánná Ìyá Àgbà

"Wọ́n ní sálúbàtà yẹn… ẹ má dárúkọ mi o… àtọjọ́ tí Ìyá Àgbà ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ni ìka ẹsẹ̀ wọn… ẹni tó sì fún wọn, ṣé ẹ rántí ìjà lórí omi tí òun àti Ìyá Àgbà jà lọ́jọ́sí… Háà, ẹ jẹ́ n dákẹ́." Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé wa ní Ikpoba Hill, gbogbo yín lẹ sì gbọ́. Èmi Olúwadámisí, tí ẹ máa ń ní kò lè sọ̀rọ̀ lójú èèyàn, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo panu mọ́. Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, kí Ìyá Àbúdù, ẹni tó fún wọn ní sálúbàtà náà, tó kó ẹrù wọn kúrò nílé yìí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹnu mi ò lè gbé e, ni mo ṣe kọ ọ́.

Ọdún kejì rèé tí kíndìnrín Ìyá Àgbà ti daṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ni mò ń mú wọn lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, torí àwọn tó kù ń lọ síbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún mi pé egbò ẹsẹ̀ ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kì í tètè jinná, kí n má fi abẹ kan ẹsẹ̀ wọn. Àmọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, Ìyá Àgbà na ẹsẹ̀ sí mi: "Dámisí, gé èékánná mi. Ṣé bí àṣá ni kí n ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì?" Mi ò lè sọ pé rárá fún àgbà. Mo gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, ó tutù bí ẹja inú fírísà. Abẹ yọ̀, ó gé àtàǹpàkò wọn díẹ̀. Kò tilẹ̀ dùn wọ́n. Mo nu ẹ̀jẹ̀, mo sọ abẹ nù, mi ò wí fún ẹnì kankan.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Àbúdù, alábàágbé wa tó ń ta bàtà ní Oba Market, mú sálúbàtà rírọ̀ wá. "Màmá, mo rí i pé ẹsẹ̀ máa ń ro yín kí ẹ tó rìn dé géètì. Ẹ fi èyí máa rìn." Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àtàǹpàkò ti dúdú. Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, yí sálúbàtà náà síwá sẹ́yìn. "Obìnrin tí kì í fi iyọ̀ tọrẹ, òun ló wá ń fi bàtà tọrẹ?" Wọ́n la ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń wá oògùn tí Ìyá Àbúdù rán mọ́ ọn. Fóòmù ni wọ́n bá níbẹ̀. "Èyí tí a ò rí yẹn ló burú jù," ni wọ́n wí, wọ́n sì dáná sun ún. Gbogbo ilé ń ṣọ́ Ìyá Àbúdù. Èmi ń ṣọ́ ojú Ìyá Àgbà, bóyá wọ́n rántí abẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí Ìyá Àgbà ṣe sùn lọ lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, Dókítà Akínfẹ́mi tó ń tọ́jú wọn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n bi mí ẹni tó gé ìka náà. Wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ rán mi sílé, ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì. Mo délé, àwọn ẹbí ti jókòó. "Dámisí, kí ni dókítà wí?" Ìyá Àbúdù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń wo ẹnu mi. Òǹrorò ni mí: kí ọ̀rọ̀ abẹ má bàa jáde, mo ní, "Wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tó fà á."

Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i! Èyí kì í ṣe àìsàn ọsibítù!" Ìyá Àbúdù ní, "Dámisí, wò mí lójú." Ilẹ̀ ni mo wò. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi ń ta òróró àdúrà sí ẹsẹ̀ náà. Nígbà tí dókítà béèrè ẹsẹ̀ náà, mo tún purọ́ pé ọsibítù mìíràn ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejìlá, òórùn tú àṣírí wa. Àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún.

Ìyá Àgbà, ẹ forí jì mí. Ìyá Àbúdù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó lọ. Bí ẹnì kan bá máa jáde nílé yìí, èmi ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́ ní ọsibítù, ẹ jẹ́ ẹ bó ṣe rí. Ohun tí dókítà sọ nìyí, mi ò yọ, mi ò fi kún un: "Àìsàn kíndìnrín yìí ti mú kí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀ màmá dí. Kì í ṣe ẹnì kankan ló ṣe wọ́n. Ẹ mú wọn padà wá lọ́la, a ṣì lè la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀, kí ẹsẹ̀ má bàa lọ. Ẹni tó gé wọn níka, kó má bẹ̀rù. Lẹ́sẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń dé, irú ọgbẹ́ yẹn ì bá ti jinná lọ́jọ́ mẹ́ta."