Igi Kérésì Pupa Tí Wọ́n Lé Síta

Ẹ dúró ná. Ẹ fi igi rọ́bà yẹn sílẹ̀, kò ní sá lọ. Tèmi, gbé fóònù rẹ súnmọ́ mi bí o bá fẹ́ gba ohùn mi sílẹ̀, ọyẹ́ ti mú mi lọ́fun. Ẹ ní àwọ̀ góòlù nìkan lẹ fẹ́ fi ṣe é lọ́dún yìí, àbí? Ẹ ní ohun tó wà lóde nìyẹn. Ẹ wá ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dá a. Hẹn-ẹn! Kí wọ́n tó bí ìyá yín ni mo ti fi àwọ̀ ṣe igi Kérésì lọ́ṣọ̀ọ́ ní Ìṣẹ́yìn yìí. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi ṣe gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀. Wọ́n lé e síta ni! Àtigi àtèmi. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ.

Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọge, tí mo ń rìn tí ilẹ̀ ń mọ̀, ayé léèsì ló dé. Owó epo ti wọ̀lú, kálukú ń wọ léèsì. Òkú kú, léèsì. Ọmọ dáyé, léèsì. Ahunṣọ sì ni bàbá mi. Ìdí òfì ni wọ́n bí i sí, ìdí òfì ló ti tọ́ wa. Mùsùlùmí ni, kì í fi ìrun ṣeré. Ìyá mi ló jẹ́ onígbàgbọ́, òun ni mo tẹ̀ lé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìjà kankan. Bàbá mi á bá wa pa adìẹ Kérésì, àwa náà á bá a jẹ ẹran Iléyá. Lónìí ńkọ́? Ọmọ ìyá kan náà, wọn ò lè kí ara wọn kú ọdún... Ẹ jẹ́ n padà síbi ọ̀rọ̀ mi.

Lọ́dún yẹn, àwọn ará ilé ìyàwó kan gbé iṣẹ́ àlàárì wá bá bàbá mi. Ṣé ẹ mọ àlàárì? Aṣọ òfì pupa ni, pupa tó jinlẹ̀, tí kì í pariwo. Bàbá mi na òwú sílẹ̀ gbọọrọ, ó gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ kó lè le, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Ó hun ún dé ìdajì, ni wọ́n bá dé. Wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Wọ́n ní léèsì ni ìyàwó yóò wọ̀, pé òfì wúwo, pé aṣọ ará oko ni. Ará oko! Nínú Ìṣẹ́yìn!

Bàbá mi ò bá wọn jà. Ó kàn jókòó sídìí òfì. Kò hun ún, kò sì dìde. Lọ́jọ́ kejì ló pe ìyá mi, ó ní, "Bí ọdún Kérésì yín bá ti kọjá, màá gé òwú yìí, màá tú òfì. Mo máa lọ ṣọ́ ilé àwọn olówó l'Ékòó." Ẹ gbọ́. Nínú ilé tiwa, a kì í gé aṣọ tí kò parí kúrò lórí òfì. Bí o bá gé e, o ti sọ pé o ò hun mọ́ láé nìyẹn. Bàbá mi, kó lọ máa jókòó lẹ́nu géètì, kó máa sáré ṣílẹ̀kùn fún ọmọdé? Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Èmi ni mo sì ń darí àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe igi Kérésì lọ́ṣọ̀ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdọọdún ni mọ́tò kan máa ń gbé igi tútù wá fún wa láti Ìbàdàn, àti páálí bọ́ọ̀lù dídán tí a ó so mọ́ ọn. Lọ́dún yẹn, a retí mọ́tò títí, kò wá. Bàbá Ìjọ wa, àgbàlagbà tó jẹ́ olórí gbogbo ọmọ ìjọ, òun náà ló kọ́kọ́ wọ léèsì wọ ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún, ó ní ká fi igi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Mo ní rárá. Mo lọ bá bàbá mi.

"Bàbá, ẹ fún mi ní ìyókù òwú àlàárì yẹn, èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi ṣe igi Kérésì lọ́ṣọ̀ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ táwọn ará ilé ìyàwó ti wá. Ó ní, "Òwú tí ìyàwó kọ̀, ṣé Ọlọ́run yín máa gbà á?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Ẹ̀ka igi emi kan tí atẹ́gùn dá lulẹ̀ lóko ni mo gbé wá. Kò sẹ́ni tó jẹ́ gé igi emi lọ́dọ̀ wa, ara rẹ̀ la ti ń rí òrí; àwọn obìnrin á ṣẹ́ èpè fún ọ. Ẹ̀ka ọ̀hún gbẹ, kò ní ewé kan. Mo rì í sínú korobá yanrìn. A gé ṣùkù àgbàdo wẹ́wẹ́, a ń wé òwú àlàárì mọ́ ọn lára títí a ò fi rí ara ṣùkù mọ́. A já òwú funfun lóko, a ká a roboto-roboto. Ọmọ kan gbé bébà dídán inú páálí sìgá wá, ó ní kó lè máa tàn yanran. Mo ní kó gbé e jìnnà sí mi. Pupa àti funfun, kò sí ẹ̀kẹta! Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, òwú bàbá mi ni mo fẹ́ kí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí. Ṣé ọ̀rọ̀ yé yín? Mo fẹ́ kí wọ́n rí i, kí ojú tì wọ́n, kí ẹnì kan sọ pé ká má jẹ́ kí ọkùnrin yìí tú òfì rẹ̀.

Odindi ọ̀sán mẹ́ta la fi ṣe é. Ó rẹwà. N ò ní purọ́, ó rẹwà.

Ọjọ́ Kérésì pé. Ìjọ ti kún. Bàbá Ìjọ wọlé nínú léèsì funfun, ó rí igi, ó dúró gbagidi. Ó na ọ̀pá sí i.

"Ta ló gbé Ṣàngó wọ ilé Ọlọ́run?"

Yéè! Ìgbà yẹn lojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Pupa, funfun. Pupa, funfun. Ìlẹ̀kẹ̀ oníṢàngó gan-an! Èmi ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, mo jókòó ti nǹkan yìí fún ọjọ́ mẹ́ta, kò wá sí mi lọ́kàn! Òwú bàbá mi nìkan ni mò ń rí. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn pátápátá ti ní "Káwòó...", ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ariwo sọ. Àwọn kan ń gbàdúrà, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín.

"Yọ ọ́ kíákíá!"

"N ò ní yọ ọ́, sà."

"Kí lo wí?"

Mo lọ dúró síwájú igi mi. Mo ní, "Ọlọ́run ló dá pupa, òun ló dá funfun. Ìgbà wo la tà wọ́n fún Ṣàngó? Ẹ̀jẹ̀ Jésù tí à ń kọrin rẹ̀ lójoojúmọ́, àwọ̀ wo ni, sà? Nígbà tó sì wẹ̀ wá tán, àwọ̀ wo la dà?"

Ìbínú gun Bàbá Ìjọ. Ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Gbé e síta! Ìwọ àti igi rẹ!"

Mo gbé korobá, kò ṣe é gbé. Ni ọmọkùnrin kan bá dìde láàárín àwọn akọrin, ó bọ́ aṣọ akọrin sílẹ̀, ó gbá apá kejì mú. A gbé e dé abẹ́ igi máńgòrò létí ọ̀nà. Bàbá àgbà yín nìyẹn. Ẹ ò mọ̀, àbí?

N ò padà wọlé. Mo dúró ti igi mi. Ọyẹ́ ń fẹ́, àwọn ṣùkù ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́. Àwọn tó ń kọjá ń dúró, onígbàgbọ́, Mùsùlùmí, gbogbo wọn. "Òwú ta nìyí?" Mo ní, "Òwú bàbá mi ni." "Ta ló rẹ àwọ̀ yìí?" "Bàbá mi ni." Mo wí títí ohùn mi fi há.

Wọ́n ti sáré lọ sọ fún bàbá mi pé wọ́n lé òwú rẹ̀ síta. Ó dé, pẹ̀lú fìlà ìrun lórí. Ó yí igi náà po. Ó fọwọ́ kan ṣùkù kan, bó ṣe máa ń fọwọ́ kan aṣọ tuntun. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún.

"Bàbá, wọ́n lé e síta."

Ó ní, "Ìyàwó kọ̀ ọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ ọ́. Ó dáa. Èmi ò kọ̀ ọ́."

Ó yí padà, ó lọ sílé. Nígbà tí ìsìn fi máa parí, gbogbo àdúgbò ti ń gbọ́ ìró òfì. Lọ́jọ́ Kérésì! Ẹ má wá parọ́ mọ́ mi níbi tí ẹ bá ti ń sọ ọ́ o: kò sẹ́ni tó gbéṣẹ́ wá. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò sẹ́nì kan. Ìyá mi bi í pé ta ni yóò rà á. Ó ní òun ò hun ún fún títà. Kò gé e. Ó hun ún parí. Ó sì tún na òwú mìíràn lé e, òfì ọ̀hún ò sì dákẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ta ló wọ àlàárì yẹn? Èmi ni! Lọ́dún kejì, nígbà tí èmi àti bàbá àgbà yín fẹ́ra, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà la lọ. Mo fi àlàárì ró ìró, mo fi wé gèlè. Mo wá wọ bùbá funfun sí i. Ẹ gbọ́ mi? Funfun! Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà sọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sálásí, kò sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un pé kó wọ̀ ọ́. Mo rọra rìn. Mo dé iwájú Bàbá Ìjọ, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ìyá àgbà ẹ̀yìn yẹn ti tún fọwọ́ bo ẹnu.

Ayé ti yí, àwọn tó pe òfì ní aṣọ ará oko ló ń tò wá sí Ìṣẹ́yìn báyìí. Bàbá mi ò sí níbẹ̀ mọ́ láti rí wọn. Ìyẹn ń dùn mí o... ó ń dùn mí gan-an.

Tèmi, ṣí agolo yẹn. Mú ṣùkù àlàárì inú rẹ̀ jáde. Ẹyọ kan ṣoṣo tó kù nìyẹn, kòkòrò ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. So ó mọ́ igi yín, níwájú gan-an, níbi tí ojú máa kọ́kọ́ bà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe góòlù. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé tó ní kẹ́ ẹ yọ ọ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ gbé àga tí mo jókòó lé yìí síta, tòun tèmi lórí rẹ̀.