Omi Tó Dára fún Ilé

Lẹ́yìn òmìnira, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ti etí òkun kó ọmọ dé, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá pàdé rẹ̀ nídìí ọkọ̀ ojú irin ní Dasa, ìlú wọn.

"Nígbà tí ìjì ńlá kan jà, òkun ya wọ kànga wa. Omi rẹ̀ di iyọ̀, ó ń rùn, ìgbẹ́ gbuuru ò fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Bàbá wọn ní omi náà dára fún ilé."

"Òun náà ń mu ún?"

"Rárá o. Bíà ló ń mu."

"Ṣé òun kì í ṣe ará ilé ni?"

"Mo bi í bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní olórí ilé lòun."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó gbé àbíkẹ́yìn pọ̀n. "Kò burú. Orí ṣẹ́kù sétí òkun, ara ti dé Dasa. Ẹ jẹ́ ká lọ mu omi."