Ilẹ̀kùn Ìrókò tí Ọnàdípẹ̀ Gbẹ́

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ilẹ̀ ṣì pọ̀ ju ẹsẹ̀ tí ń tẹ̀ ẹ́ lọ, baba ńlá wa kan wà tí ń jẹ́ Ọnàdípẹ̀. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé. Òun ló tẹ agbo ilé wa yìí dó, ṣùgbọ́n ibí kọ́ ni wọ́n bí i sí. Ìlú Òkè-Àpá ni wọ́n bí i sí, igi gbígbẹ́ sì ni iṣẹ́ ìran rẹ̀. Ó ń gbẹ́ odó, ó ń gbẹ́ àpótí ìjókòó, ó ń gbẹ́ òpó ilé. Bí ó bá gbẹ́ ẹ tán, a fi ewé eépín ha á títí yóò fi máa dán.

Ilẹ̀kùn ìrókò ńlá kan wà ní ilé Baálẹ̀ Òkè-Àpá nígbà náà. Àwọn baba Ọnàdípẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Kò sí ìwé láyé ọjọ́un, ilẹ̀kùn yẹn ni ìwé ìlú. Gbogbo Baálẹ̀ tó ti jẹ ló wà lára rẹ̀, èyí tó ṣe rere àti èyí tó ṣe ibi. Àwọn àgbà a kó àwọn ọ̀dọ́ síwájú rẹ̀, wọn a máa ka ìtàn fún wọn bí ẹ ṣe ń kàwé lónìí.

Lókè pátápátá, Baálẹ̀ àkọ́kọ́ àti olórí àwọn àjèjì tó wá bá wọn tẹ̀dó ń mu omi nínú igbá kan ṣoṣo. Májẹ̀mú ni. Àwọn àjèjì ni yóò ni òdìkejì odò, àwọn onílé ni yóò ni ìhín, kò sí ẹni tí yóò lé ẹnì kejì. Nísàlẹ̀, ọkùnrin kan wà tí wọ́n dè lókùn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: baba bàbá Ọnàdípẹ̀ gan-an ni. Ó jí ọmọ àwọn àjèjì kan gbé, ó tà á sóko ẹrú. Ìlú dè é, wọ́n sì ní kí ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ sára ilẹ̀kùn.

Nígbà tó yá, Oyèdọ̀tun jẹ Baálẹ̀. Ọ̀dọ́ ni, akíkanjú ni, ogun kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ojú rẹ̀ wọ ilẹ̀ òdìkejì odò, ilẹ̀kùn yìí ló sì dí i lọ́wọ́. Ó ránṣẹ́ pe Ọnàdípẹ̀, ó ní kó wó ilẹ̀kùn náà lulẹ̀, kó sun ún, kó gbẹ́ tuntun tí òun nìkan yóò wà lára rẹ̀.

Ọnàdípẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Kò bú Baálẹ̀, kò sì gbé ohùn sókè.

“Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ lórí oyè. Àyè kù lára ilẹ̀kùn yẹn tó lè gbà yín. Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ yín síbẹ̀, kí ẹ wà láàrin àwọn tó jẹ ṣáájú yín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò ní gbé iná sí ohun tí baba mi gbẹ́.”

Oyèdọ̀tun ní kó kúrò nílùú. Wọ́n sun ilẹ̀kùn náà lójú rẹ̀, wọ́n gba ilé àti oko rẹ̀. Òun, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ àti Ọnàwálé ọmọ wọn gba inú igbó lọ, títí wọ́n fi dé ibi tí a jókòó sí yìí. Àáké kékeré rẹ̀ àti ọ̀bẹ ọnà nìkan ló mú dání.

Bí wọ́n ti pa àgọ́ tán, ó gé ìrókò kan lulẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀kùn náà padà látinú ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Lójúmọmọ a roko, bí oòrùn bá rọ̀ a jókòó ti igi rẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ títí ó fi kan ọkùnrin tí wọ́n dè lókùn. Níbẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

Àwẹ̀ró rí i. Ó jókòó tì í, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Baba Ọnàwálé, iná ti jó ti àkọ́kọ́. Ta ló máa mọ̀? Fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa ló máa ru ìtìjú yẹn.”

Ẹ má dá obìnrin náà lẹ́bi. Ìyá ni. Ọ̀rọ̀ náà dun Ọnàdípẹ̀ wọra, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó gbé àáké sílẹ̀, kò fọwọ́ kan igi náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó padà gbé e, ó ní:

“Bí mo bá yọ ọ́, èmi náà ti sun ilẹ̀kùn nìyẹn.”

Ó sì gbẹ́ ẹ. Ó gbẹ́ okùn ọwọ́, ó gbẹ́ okùn ẹsẹ̀. Ó wá gbẹ́ Oyèdọ̀tun náà sí àyè tó kù, láàrin àwọn tó jẹ ṣáájú rẹ̀. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló já ewé eépín wá, tó bá a ha á.

Oyèdọ̀tun kú, ṣùgbọ́n ìjà tó dá sílẹ̀ kò bá a kú. Àwọn tó mọ májẹ̀mú ti ń tán lọ. Àwọn onílé ní àwọn kàn yá àwọn àjèjì ní ilẹ̀ ni. Àwọn àjèjì ní àwọn ló ni ilẹ̀ títí dé ẹnu ọjà. Oníkálukú gé ìtàn kó lè bá ẹnu tirẹ̀ mu. Wọ́n fa ọ̀bẹ yọ síra wọn, ẹ̀jẹ̀ ṣàn lẹ́bàá odò. Nígbà tí ọwọ́ rọ̀, ẹnì kan rántí Ọnàdípẹ̀, àwọn àgbà ìhà méjèèjì sì tọ̀ ọ́ wá.

Ó gbé ilẹ̀kùn síta. Wọ́n wò ó, ìhà méjèèjì sì fajú ro, nítorí odò ni ààlà, kò sí ẹni tí ó ṣe ojúsàájú fún. Àwọn kan ní báwo ni àwọn ṣe mọ̀ pé kò fi èké kún un. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ìyá arúgbó kan wà láàrin àwọn àjèjì tí ń jẹ́ Ọ̀ṣúnlékè. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Nígbà tí ìka rẹ̀ kan okùn, ó fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ délẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni ọmọ tí ọkùnrin yìí tà,” ni ó wí. “Ẹni tí kò bo ẹ̀ṣẹ̀ ilé tirẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní purọ́ mọ́ tiwa.”

Ọnàdípẹ̀ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sunkún. Ìyá náà fà á dìde.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bu omi sínú igbá kan, tí wọ́n jọ mu ún. Wọ́n ní kí ó padà wálé, ó ní ibí ti di ilé. Wọ́n sì fi ẹnu kò pé ọwọ́ rẹ̀ ni kí ilẹ̀kùn náà wà, kí ó má baà di ti ìhà kan.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò sọ pé kí nǹkan má yí padà o. Ilé tí a kò tún ṣe, wíwó ni yóò wó. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tún ilé ṣe kì í kọ́kọ́ ti iná bọ òrùlé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́ ọmọ ilé yìí ní igi gbígbẹ́, ìbáà jẹ́ agbẹjọ́rò, ìbáà jẹ́ awakọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, a ń gbé ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀, a ń yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn. Ibi tí ikán bá jẹ nìkan la ń gé kúrò, a ó fi igi tuntun dí i, a ó sì gbẹ́ ohun tó wà níbẹ̀ padà bó ṣe wà.

Ikán ti jẹ Oyèdọ̀tun léjìká lọ́dún yìí. Àwa náà ò yọ ọ́ kúrò. Ẹ dìde, ẹ bá mi gbé e sílẹ̀.