Ẹ̀bi Okùn Tí Mo Dì Ru Isaías

Kí ẹ tó máa bu tíì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti pẹ́ jù nínú mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ìpàdé wa ń wò mí bí ẹni tó ti borí. Ẹ máa ń bi mí pé, "Àǹtí Yasna, báwo lẹ ṣe ṣe é tí ojú kì í tì yín?" Ojú tì mí rí o. Ó tì mí débi pé mo ba ayé ọ̀rẹ́ mi jẹ́ kí n lè rí ibi fi ara pamọ́ sí.

Èmi àti Isaías jọ gba ilé ìwòsàn kan náà kọjá, fún àìsàn ọpọlọ kan náà, èyí tó ń mú kéèyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Nígbà tí oògùn ṣiṣẹ́ tí ara wa balẹ̀, a jọ ríṣẹ́ ní etí òkun Los Piures, nínú ahéré tí wọ́n ti ń fi ìjẹ sí ìwọ̀ fún àwọn apẹja. Okùn gígùn kan ni, ìwọ̀ rẹpẹtẹ lára rẹ̀. A ó fi sádìnì sẹ́nu ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó sì tò ó sínú àpótí kó lè máa yọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ lójú omi. Bí ìwọ̀ kan bá gun orí èkejì, okùn á lọ́, ọwọ́ apẹja ni yóò sì kọ́. Gbogbo ahéré ló mọ̀ pé Isaías ti ṣàìsàn rí, nítorí òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn lọ́jọ́ tó dé. Èmi? Mo ní ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ní àríwá ni mo ti ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún yín. Ní kékeré, mo tú rédíò bàbá mi palẹ̀ torí mo fẹ́ rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa ń ṣọ́ ọwọ́ àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Isaías ń lo ọwọ́ òsì, nítorí náà gbogbo ìwọ̀ tó bá tò, òsì ló ń kọjú sí. Tiwa yòókù, ọ̀tún ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Don Belisario, ọ̀kan nínú àwọn apẹja, ti ojú omi dé, ó fi aṣọ wé ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ ń jò. Ó ju àpótí sáàárín wa, ó ní, "Ta ló to eléyìí?" Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Isaías. Doña Orfelina, àgbà ahéré, ní, "Ẹ rọra bá a wí o. Ara ọmọ náà ò tíì yá tán." Mo bojú wo inú àpótí. Àwọn ìwọ̀ tó kù níbẹ̀, ọ̀tún ni wọ́n kọjú sí. Mo sì dá àpótí náà mọ̀: èmi ni mo tò ó. Kò sí ẹlòmíràn tó wò ó. Kí ni wọ́n fẹ́ wò, nígbà tí wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n lè pè ní wèrè? Mo gbé àpótí náà, mo ní kí n bá wọn fọ̀ ọ́, mo sì da gbogbo rẹ̀ nù.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Isaías tẹ̀ lé mi dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ó ní, "Yasna, dúró ná. Ó dà bíi pé mo rí i tí ìwọ̀ yẹn kọjú sí ọ̀tún. Èmi kì í tò ó bẹ́ẹ̀. Àbí ojú mi ni?" Ẹ wò ó, èmi nìkan ló lè bi ní irú ìbéèrè yẹn, torí èmi nìkan ló mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn má lè gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ìkà ni mí. Mo wò ó lójú, mo ní, "Ojú ẹ ni. Ṣé o ò mọ̀ pé o ń dá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ni? Ó ti ń padà bọ̀, Isaías." Irọ́ ni. Orin ló ń kọ láàárọ̀ náà. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí. Ó wá ní, "Ó dáa bó o ṣe sọ fún mi. O ṣé."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò sì wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ ní kì í jáde ní yàrá, kì í sì í tan sítóòfù, torí ó ní òun lè jó ilé. Mo wá ń rò ó pé, kí ló dé tó fi tètè gbà mí gbọ́? Mo wádìí rẹ̀ nínú ara mi bí mo ṣe tú rédíò yẹn, mo sì rí i pé bó bá jẹ́ èmi ni, mà á gbà. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi ní gbogbo òwúrọ̀ náà nìyẹn: ọwọ́ mi tí oògùn ń mú gbọ̀n ló lọ́ okùn, ọwọ́ wèrè ni.

Lọ́jọ́ kan, nínú yàrá yìí, nọ́ọ̀sì tó ń darí ìpàdé wa bi wá pé, "Kí lẹ gbà gbọ́ nípa ara yín tí ẹ ò wádìí?" Mo dìde, mo lọ bẹ Isaías pé kó tẹ̀ lé mi lọ sí ahéré. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé èmi ni mo to àpótí yẹn, pé èmi náà ti ṣàìsàn náà, pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo wá ń retí kí wọ́n sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Doña Orfelina ò tilẹ̀ sọ sádìnì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n? Wo tèmi." Ó gbé e sókè, ó ń gbọ̀n lóòótọ́. "Lọ́jọ́ tó o to àpótí yẹn, ọkọ̀ ọmọ Belisario ń wọlé, ọrùn ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ já níbi tó o ti ń wo ọmọkùnrin náà dípò ìwọ̀ ọwọ́ ẹ. Ṣé àìsàn nìyẹn náà?" Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Màmá náà wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, a ò wo inú àpótí. A ṣẹ̀ ẹ́."

Isaías ò wo ẹlòmíràn, èmi ló ń wò. "Ojú mi ríran dáadáa lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó ríran."

"O sì mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó padà síbi iṣẹ́, ó sì jókòó síbi tó jìnnà sí mi jù.

Òun ló jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn. Ó yọ̀ǹda kí n sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ó ní kí n má sọ pé òun ti dárí jì mí, torí òun ṣì ń rò ó. Isaías, mo bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn àbúrò wa. Ẹ̀yin náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní àìsàn yín ló fa nǹkan, kódà bó jẹ́ ọkàn yín ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ wo inú àpótí. Ẹ wo ibi tí ìwọ̀ kọjú sí.

Ó ti tó. Ẹ gbé ife yín wá. Isaías, mo rí ọwọ́ òsì tó o fi ń na ife sí mi yẹn. Mú un wá, jẹ́ kí n bu tíì fún ẹ.