Ẹ̀bẹ̀ Tí N Ò Ní Bẹ̀ Lórí Ọwọ́ Ìyá Télọ̀

Rárá o, Màmá, ẹ̀yin lọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n n ò ní jókòó! Ìdúró ni mo máa sọ ọ́. Kí n tọrọ àforíjì? Èmi? Lọ́wọ́ Dókítà Oge? Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo hùwà àfojúdi, kí n buwọ́ lù ú, kí ẹ wá fi í sínú fáìlì mi? Ṣíọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé yẹn kúrò níwájú mi, ó ń rí mi lára.

Ẹ má bínú sí ohùn mi, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń pariwo mọ́. Ẹ ṣáà gbọ́. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta, ìyá télọ̀ yẹn, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, àìsàn inú ló gbé e wá, ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń já wálẹ̀ ṣáá, oògùn tó ń fà á sókè nìkan ló gbé e dúró, kò sì tíì lajú. Ẹ̀rọ tí à ń so mọ́ apá sì ń ka ohun tó bá wù ú. Èmi fúnra mi ni mo sọ pé kí wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín bọ inú iṣan tó ń sọ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ká lè máa rí ìfúnpá rẹ̀ lójú ẹ̀rọ bó ṣe ń lù gẹ́lẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́! Ta ló wá ní n ò fẹ́ kí dókítà ṣiṣẹ́?

Ṣùgbọ́n mo dán ọwọ́ náà wò kí Dókítà Oge tó dé. Mo fi àtàǹpàkò tẹ iṣan méjèèjì pa lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún, mo ká ìka rẹ̀ pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè kúrò níbẹ̀, mo wá tú èyí tó wà lápá ìka kékeré sílẹ̀. Mo kà á dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àtẹ́lẹwọ́ obìnrin yẹn ṣì funfun bíi bébà. Ìyẹn ni pé iṣan kan ṣoṣo ló ń bọ́ ọwọ́ yẹn, èyí tí wọ́n sì fẹ́ ki rọ́bà bọ̀ náà ni! Òsì ńkọ́? N ò tíì ka márùn-ún tó fi pọ́n. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo òsì." Ó rẹ́rìn-ín! Ó ní, "Àǹtí, àyẹ̀wò ayé àtijọ́ nìyẹn." Ẹ mọ ohun tó fà á? Òsì wà lápá ògiri, ó máa ní láti sún bẹ́ẹ̀dì, ọ̀gá àgbà àwọn dókítà sì ti fẹ́ẹ̀ dé láti wá wo àwọn aláìsàn. Nítorí sísún bẹ́ẹ̀dì, Màmá!

Ó gún un, kò wọlé. Ó tún gún un. Ìgbà kẹrin ló tó wọlé. Ẹ̀gbin tó wá tẹ̀ lé e, mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, n ò rírú ẹ̀ rí látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó lẹ́jẹ̀ lára, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ fóònù, ó ń ya fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀! Fóònù tó ń gbé wọ ṣáláńgá! Ó wá fi ìbọ̀wọ́ kan náà mú pílásítà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ ìyá oníyàá. Mo ní kó pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, ó ní kí n má kọ́ òun níṣẹ́ òun.

Kò tán o. Kí iṣẹ́ rẹ̀ lè rẹwà lójú ọ̀gá, ó fi báńdéèjì funfun wé ọwọ́ náà láti ìsàlẹ̀ ìgúnpá dé orí èékánná, ó dì í pinpin bí ẹni di ẹrù. Ìka kan ò yọjú! Ọ̀gá àgbà dé, ó wo ojú ẹ̀rọ, nọ́ńbà dára, ó kí i kú iṣẹ́, wọ́n kọjá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àwọn ń wo nọ́ńbà, kò sẹ́ni tó wo ọwọ́. Èmi náà ńkọ́? Èmi náà tẹ̀ lé wọn lọ sí bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Ó dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló pè mí lọ́sàn-án. Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ màmá mi kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìkejì tutù bí omi fìríìjì." Mo tú báńdéèjì. Háà! Ìka mẹ́ta ti dúdú bí aró. Ọmọ yẹn figbe ta, "Ọwọ́ tó fi tọ́ wa nìyẹn!" Mo pe Dókítà Oge lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní òun ń jẹun lọ́wọ́, kí n má fọwọ́ kan rọ́bà òun, ṣebí nọ́ńbà ṣì ń jáde. Nọ́ńbà! Mo yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, láìgbàṣẹ, mo yọ ọ́, mo tẹ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, mo lọ fa dókítà obìnrin tó wà ní wọ́ọ̀dù kejì wá, ìyẹn sún bẹ́ẹ̀dì, ó fi í sí òsì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gún un. Nígbà tí onífọ́tò wá fi ẹnu olóròóró dé, mo sọ fún un lójú ọmọ náà pé iṣẹ́ ẹlẹ́gbin ló ṣe. Àfojúdi tí wọ́n ń wí nìyẹn.

Kí lẹ wí? Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn? Mo gbọ́. Ìka méjì ti ń pọ́n padà, mo dúpẹ́. Ẹ̀kẹta, èyí tó fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó máa yè. Bí wọ́n bá gé e ńkọ́? Bó bá jí, tó bi wá léèrè ìka rẹ̀, kí la máa fi hàn án? Ìwé tí mo fi bẹ dókítà?

Ẹ má wolẹ̀, Màmá, ẹ wò mí lójú. Ta ló kọ́ mi ní títẹ iṣan méjèèjì yẹn? Ọdún kejì mi níléèwé nọ́ọ̀sì, ọwọ́ ara yín lẹ nà sí mi, ẹ ní, "Tẹ̀ ẹ́, kí o kà á. Bí àtẹ́lẹwọ́ ò bá pọ́n, dí ẹni tó fẹ́ gún un lọ́nà, ìbáà ṣe ọ̀gá pátápátá." Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́! Ó dáa, mo gbà, màá bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n tiyín ló máa ṣáájú tèmi nínú ìwé yẹn: ẹ kọ ọ́ pé irọ́ lẹ kọ́ mi, kí ẹ buwọ́ lù ú gbàgàdà. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ ránṣẹ́ pè mí ní bẹ́ẹ̀dì kẹta. Àsìkò ti tó kí n tún lọ tẹ ìka yẹn wò.